Iṣẹ́ méje láàárín ọdún méje: kí ni kí n sọ fún wọn?

Ọmọ_Aláró, ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Òṣogbo ni mo wà, apá Alékúwodò. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára, mi ò sì lè bá àwọn ará ilé sọ ọ́, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ iṣẹ́, màmá mi á kàn wò mí, wọ́n á ní, "O tún ti fẹ́ kúrò, àbí?"

Ìṣirò owó ni mo kà. Mo parí àgùnbánirọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, láti ìgbà náà iṣẹ́ méje ni mo ti ṣe. Mo kọ́kọ́ ṣe tíṣà nílé ìwé aládàáni kan, oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta kí n tó kúrò. Mo bọ́ sí báńkì máíkúrófáínáǹsì, èmi ni mò ń lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà kiri, ọdún kan àti oṣù méjì. Ẹni tí kò bá san owó tó yá, ara owó oṣù mi ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, mò ń gba àlejò, mò ń gba owó. Oṣù méjì péré, kòrónà dé, wọ́n ní ká máa lọ ilé. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi jókòó. Ilé ìtajà oògùn, oṣù méje, ọ̀gá jápa, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Béékìrì, ọdún kan ààbọ̀, èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó wọn, ibẹ̀ ni mo gbádùn jù, àmọ́ ibòmíràn fi ₦15,000 lé e, mo sì lọ. Ibòmíràn yẹn, sólà ni wọ́n ń tà, oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi kógbá wọlé. Mo tún jókòó sílé fúngbà díẹ̀. Báyìí mo wà nílé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù, èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù wọn. Oṣù karùn-ún rèé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí fún íńtáfíù lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Bàbá kan nínú wọn gbé CV mi sórí tábìlì, ó fi bírò ka àwọn iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka iṣu lọ́jà. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé àwa la máa jẹ́ ìkẹjọ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti owó tí wọ́n jẹ mí, mo sọ ti máíkúrófáínáǹsì, mo sọ ọ́ títí ó fi dà bí ẹjọ́ tí mò ń rò. Wọn ò pè mí mọ́.

Òmíràn tún ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ṣé kí n yọ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kúrò nínú CV yìí ni? Àbí kí n tiẹ̀ jókòó síbi tí mo wà títí á fi pé ọdún méjì? Ẹ̀kẹta: ibi méjì ló yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó mi, mi ò mọ ibi tó wọlé sí.

Kòròpẹ̀_Old_Garage, 8:52 alẹ́

Ọ̀rẹ́, ṣé kòròpẹ̀ ni ẹ́ ni? Old Garage wọlé, Ọ̀láìyá bọ́ sílẹ̀, Òkè-Fíà wọlé! Má bínú o, eré ni. Iṣẹ́ mọ́kànlá ni èmi náà ṣe kí n tó ra ọkọ̀ tí mò ń wà yìí. Kò sí èrò tó bi mí léèrè CV rí. Ṣéńjì ni wọ́n ń béèrè.

Àǹtí_Fáìlì, 9:31 alẹ́

Àbúrò, má dá Kòròpẹ̀ lóhùn. (Àmọ́ ó pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gba èèyàn síṣẹ́. Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó padà wá sílé. Iye iṣẹ́ kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá. Bí a bá gbà ọ́, oṣù mẹ́ta lẹnìkan á fi pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì kó lè kọ́ ọ. Bí o bá wá lọ ní oṣù kẹfà, ẹni yẹn ti ṣe é lásán, àwa náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn kiri. Nítorí náà, nígbà tí bàbá yẹn ní "ṣé àwa la máa jẹ́ ìkẹjọ", ohun tó ń béèrè ni pé kí ló máa mú ọ dúró lọ́dọ̀ wa. Ìwọ wá ń sọ ohun tó lé ọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ ò pàdé ara yín rárá.

Mo tún ìtàn rẹ kà. Òtẹ́ẹ̀lì, kòrónà ni. Ilé oògùn, ọ̀gá jápa. Sólà, wọ́n kógbá wọlé. Mẹ́ta nínú méje kì í ṣe ẹjọ́ rẹ, ìwọ sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé iwájú wọn bí ẹni tó jẹ̀bi. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà nínú CV, "ilé iṣẹ́ kógbá wọlé", kí o sì fi í síbẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé gbólóhùn kékeré yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè mọ́.

Ti pé kí o yọ díẹ̀ kúrò: oṣù méjì ti òtẹ́ẹ̀lì lè kúrò, CV kì í ṣe ìbúra kóòtù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ọ ní fọ́ọ̀mù tó ní "kọ gbogbo ibi tí o ti ṣiṣẹ́", tí o sì máa fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí o kọ. Èyí tí mi ò gbà láyè láé ni pé kí èèyàn fa oṣù mẹ́sàn-án gùn di ọdún méjì. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé. A pe ibẹ̀ lórí fóònù, ibẹ̀ ló parí sí. Òṣogbo yìí ò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ lè máa kírun tàbí kó máa ṣe ìsìn pẹ̀lú ọ̀gá rẹ àtijọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé o ò rí okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó ọlọ́jà, owó àlejò, owó oògùn, owó búrẹ́dì, ìwé ọjà inú ilé ìkẹ́rù. Gbogbo ibi tí o dé, ìwọ ni wọ́n ń fún ní kọ́kọ́rọ́ owó. Ǹjẹ́ owó sọ nù lọ́wọ́ rẹ níbìkan rí? Bí kò bá sọ nù, ìyẹn ló yẹ kó wà lókè pátápátá lójú ìwé yẹn, kí ẹni tó fẹ́ fi bírò ka iṣẹ́ ti kọ́kọ́ rí i.

Ìyá_Ilé_Ìwé, 10:05 alẹ́

Ẹ máa bú mi, ṣùgbọ́n mo máa sọ̀rọ̀. Mo ní ilé ìwé aládàáni kan nílùú yìí. (Ọmọ_Aláró, èmi kọ́ ni mo jẹ ọ́ lówó, mo ti ṣírò ọdún rẹ̀ dáadáa.) Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ Primary 2 mi rí tíṣà mẹ́ta láàárín sáà mẹ́ta. Èkejì nínú wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé la pe nọ́ńbà rẹ̀ tì. Ọmọbìnrin kékeré kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Màmá, ṣé àwa la ṣe wọ́n ni?"

Gbogbo yín ń sọ ti ẹni tó ń kúrò. Ẹni tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ọlọ́jọ́_Mẹ́ta, 10:09 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú o. Mélòó lẹ ń san?

Ìyá_Ilé_Ìwé, 10:24 alẹ́

₦35,000. Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀? Mo mọ̀ pé ₦70,000 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù dà ní 2024. Òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀, tèmi ò sì pé 20. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gaàrí kò mọ òfin yẹn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ìdajì àwọn òbí ló ń jẹ mí ní owó ilé ìwé títí sáà á fi parí.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Láti sáà tó kọjá, mo pinnu pé ọjọ́ 26 oṣù, owó á wọlé, bí mo bá tiẹ̀ máa yá a. ₦35,000 náà ni, mi ò lè fi kóbọ̀ lé e. Kò sí tíṣà tó kúrò láti ìgbà náà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi rò pé kíkéré owó ló ń lé wọn. Àìmọ ọjọ́ tó máa dé ni.

Ọlọ́jọ́_Mẹ́ta, 10:27 alẹ́

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ tètè sọ fún mi bí ààyè bá ṣí.

Bàbá_Àbẹ́rẹ́, ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1984, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú ìlú gbogbo wa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1991, a kó àwọn fáìlì sínú ọkọ̀, a kó wọn wá sí Òṣogbo. Mo fẹ̀yìn tì ní 2019, ọdún 35 géérégé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Mi ò ní fi ìyẹn yangàn níwájú yín. Nínú ọdún 35 yẹn, mo fi 11 jókòó sórí àga kan tí mò ń tẹ òǹtẹ̀ kan náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọmọ tí mo gbà wọlé ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tàn án.

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ̀yin tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ kì í kà mọ́ ọn, owó kọ̀ọ́pù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kọ̀ọ́pù òṣìṣẹ́ ni mo fi kọ́lé mi. Ìlọ́po méjì ohun tí mo bá fi pamọ́ ni wọ́n ń yá mi, ẹni tó bá sì ti pẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá pààrọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀méje ló máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ mi, bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè dúró síbi iṣẹ́, wá kọ̀ọ́pù àdúgbò tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, èyí tí kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá kankan, kí o jẹ́ kí owó tìrẹ dúró síbẹ̀.

Pẹ́ńṣọ̀n_Ò_Sọnù, 9:02 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mò ń bọ̀. Gbogbo yín ti gbàgbé ìbéèrè kẹta ọmọ yìí, òun ló sì ní owó nínú.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, kí òun náà fi ìdá 10 tì í, ó kéré tán. Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀ ṣírò. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦60,000. Tìrẹ ₦4,800, tiwọn ₦6,000, ó di ₦10,800 lóṣù. Fún oṣù 14 tí o lò ní máíkúrófáínáǹsì, ₦151,200 nìyẹn, a ò tíì ka èrè orí rẹ̀. Ìwọ ní o ò mọ ibi tó wọlé sí!

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, PIN là ń pè é, òun lo máa lò títí o ó fi fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ti ọ̀gá kankan. Ibi tuntun tí o bá dé, PIN àtijọ́ ni kí o kọ fún wọn. Bí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, láti oṣù kọkànlá 2020 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn kó owó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wá ìwé owó oṣù ibi méjèèjì yẹn, tí àyọkúrò náà wà nínú rẹ̀. Lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó rẹ, kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó wọlé fún ọ. Oṣù tí wọ́n yọ owó tí kò sì sí níbẹ̀, ọ̀gá ló gbé e mì. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni kí o kọ̀wé sí.

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò rí òmíràn, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́bi. Àmọ́ mo mọ ẹni tó fi tirẹ̀ ra fóònù.

Ìyá_Aláró, 1:48 ọ̀sán

Orúkọ tí ọmọ yìí ń jẹ́ níbí ló fà mí wọlé. Èmi ni aláró gidi, ọwọ́ mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìyá mẹ́ta ni mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ti àkọ́kọ́, àdìrẹ oníko là ń ṣe, ìko la fi ń so aṣọ kó tó wọnú aró. Ti ìkejì, ẹlẹ́kọ, a ó ro láfún bí ẹ̀kọ, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sára aṣọ. Ti ìkẹta, àbẹ́là là ń yọ́. Bí mo bá jókòó tì ẹnì kan ṣoṣo, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ǹ bá mọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ní pípààrọ̀ ọ̀gá kò dáa, kò tíì rí aṣọ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí mo ṣe kúrò. Nígbà tiwa, bí ọmọ iṣẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, ọ̀gá tuntun kì í bi í pé kí ló dé tó fi kúrò. Ohun tó máa béèrè ni pé, "Ta ló mú ọ jáde?" Màmá mi ló mú mi jáde. Ó ra obì, ó ra páálí mínírà méjì, ó kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn, òun tó jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ ti fún ọmọ mi lọ́wọ́. Ó fẹ́ lọ fi kún un. Ẹ súre fún un." Inú bí ìyá náà. Kò jẹ obì náà lójú wa. Ó mi orí sí wa, ó wo gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó kù bí ẹni pé a fẹ́ kó wọn lọ. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Ó lé lógún ọdún báyìí. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tí àlejò bá dé tí iṣẹ́ oníko bá bò ó mọ́lẹ̀, èmi ló ń pè. Èmi náà, bí wọ́n bá fẹ́ ẹlẹ́kọ tó pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyá kejì ni mò ń gbé e fún. Ọ̀gá mẹ́ta ni mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di oníbàárà mi.

Ẹ̀yin ọmọ ọ́fíìsì, WhatsApp lẹ fi ń kúrò.

Ọlọ́jọ́_Mẹ́ta, 2:10 ọ̀sán

Ìyá mi, ẹ ti mú mi. Èmi gan-an, ọjọ́ tí owó oṣù wọlé ni mo pa fóònù. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà mo lọ fún íńtáfíù ní Ìbàdàn, mo ṣílẹ̀kùn, súpáfáísọ̀ mi ìgbà yẹn ló jókòó láàárín. Kò tiẹ̀ bú mi. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ṣé fóònù yín ti tàn?"

Ọmọ_Aláró, 7:30 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rí ìwé owó oṣù ti máíkúrófáínáǹsì, mo máa lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́la. Àǹtí, kóbọ̀ kò sọ nù lọ́wọ́ mi rí. Ẹ dákun, bí mo bá rí iṣẹ́ tuntun yìí, ọjọ́ mélòó ni kí n fún ibi tí mo wà? Ẹ tún wo ohun tí mo fẹ́ sọ bí wọ́n bá tún kà á fún mi: "Ẹ̀yin ọ̀gá, iṣẹ́ pọ̀ nínú ìwé mi lóòótọ́. Ipò ìlú ló fà á. Àwọn kan kò sanwó, àwọn kan kógbá wọlé. Bí ẹ bá gbà mí, mi ò ní kúrò láé."

Àǹtí_Fáìlì, 8:11 alẹ́

Wo ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ ná, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni. Bí kò bá sọ nǹkan kan, Òfin Iṣẹ́ ní ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá ìyẹn tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí dé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún. Àwọn akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni òfin náà dìídì ń sọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ọ̀gá yàtọ̀. Tìrẹ, ọ̀sẹ̀ kan. Èmi á fún wọn ní méjì.

Ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ yẹn kò dáa. "Ipò ìlú" kò túmọ̀ sí nǹkan kan, gbogbo wa la jọ wà nínú ìlú. "Mi ò ní kúrò láé" sì burú jù, torí irọ́ ni, wọ́n á sì mọ̀ pé irọ́ ni. Sọ iye ọdún, kí o sì sọ ohun tó máa mú ọ dúró.

Ọlọ́jọ́_Mẹ́ta, 8:20 alẹ́

Àǹtí, èmi ò fara mọ́ ọn pé kó bo ti owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́ta! Ṣé òun ló yẹ kójú tì?

Àǹtí_Fáìlì, 8:34 alẹ́

Mi ò ní kó bò ó. Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, kó sì kọjá. Bó bá ti ń sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú, ẹni tó ń gbọ́ á máa ro ohun tí yóò sọ nípa òun náà lọ́la. Ó lè má tọ́ lójú rẹ. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Bàbá_Àbẹ́rẹ́, 8:50 alẹ́

Àǹtí yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ_Aláró, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ o, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe kúrò ní béékìrì yẹn, kò dáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún màdáàmù, nínú ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, nígbà tí àwọn èèyàn ń tò síta láti ra búrẹ́dì. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá_Aláró, mi ò lè sùn.

Mo ra páálí mọ́ọ̀tì kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ. Wọ́n rí mi láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìwọ! Ìwọ tí o fi mí sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun!" Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n bú mi dáadáa, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ń gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ilé lọ, wọ́n gbé ìwé owó jáde, wọ́n jù ú síwájú mi: "Wo bí ẹni tó rọ́pò rẹ ṣe kọ ọ́." Mo jókòó tì í títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti kọ lẹ́ẹ̀mejì látìgbà pípẹ́. Bí mo ṣe rí i, màdáàmù kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn fún mi ní omi tútù. Mo wá béèrè bóyá mo lè fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà wọn.

Ní íńtáfíù, obìnrin ló ka iṣẹ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, ìka ló fi kà á. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, mẹ́ta nínú wọn, ilé iṣẹ́ ló ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan kò sanwó fún oṣù mẹ́ta. Àwọn tó kù, èmi ni mo fẹ́ owó sí i. Níbi gbogbo, èmi ni mò ń tọ́jú owó, kò sì sí ibi tí ó ti dín. Ohun tí mo ń wá ni ibi tí mo ti lè ṣe ìwé ẹ̀rí àwọn oníṣirò owó tí mo ti pa tì. Ọdún mẹ́ta ni yóò gbà mí, ó kéré tán." Ó ní, "Béékìrì yìí, ṣé a lè pè wọ́n báyìí?"

Wọ́n pè wọ́n níwájú mi, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè. Àyà mi já. Màdáàmù ní, "Bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi dùn mí, ẹ sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá ní kóbọ̀ mẹ́wàá ló kù, ẹ má wulẹ̀ tún un kà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa retí wọn títí ọjọ́bọ̀.

Àǹtí_Fáìlì, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ kà á. Sọ fún wa lọ́jọ́bọ̀ o, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Pẹ́ńṣọ̀n náà ńkọ́?

Ọmọ_Aláró, 6:19 ìrọ̀lẹ́

Ti máíkúrófáínáǹsì pé. Ti sólà, oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n san nínú mẹ́rin. Mo ti kọ̀wé.

Kòròpẹ̀_Old_Garage, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣe pàtàkì. Láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, ní béékìrì! Ṣé wọn ò fún ọ ní búrẹ́dì ni?

Ọmọ_Aláró, 6:43 ìrọ̀lẹ́

Méjì. Màmá mi ti jẹ ọ̀kan.